Ohun Tó Wà Lábẹ́ Síkáàfù Bísọ́lá

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà nílé ọkọ, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má tíì lọ, ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀ wá kàn yín. Ẹni tó ni ìtàn yìí ti fún wa láyè láti sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wá ni pé ká má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé òun kò fẹ́ràn ọkọ òun. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dáadáa. Etí rẹ̀ ni kò fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Bísọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1993, òun àti Adéyínká ọkọ rẹ̀ ń gbé nínú fúláàtì kan ní Bruma, ní ìlú Johannesburg, pẹ̀lú Bùkúnmi ọmọ wọn, ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún. Ẹnjiníà ni Adéyínká, títì ni wọ́n ń là. Bísọ́lá ń ṣe iṣẹ́ akáǹtáǹtì ní ọ́fíìsì kan ní Braamfontein. Ọkọ yìí kì í mutí, kì í fa sìgá, bó bá jẹun tán a máa fọ abọ́ tó fi jẹun. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, àfi kẹ́ ẹ ní sùúrù kó sùn.

Adéyínká a máa hanrun. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ìhanrun bíi ti bàbá yín ni mò ń wí. Tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ bẹ́ǹṣì nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Yóò gòkè, yóò gòkè, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́ pátápátá. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló burú jù, torí pé Bísọ́lá yóò dìde jókòó, yóò máa dúró de èémí tó kàn, yóò máa rò ó bóyá òun ti di opó. Ìgbà yẹn ni yóò tú jáde lójijì, tí gíláàsì omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yóò máa gbọ̀n.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò sọ fún un. Ó sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tẹ̀ríntẹ̀rín, nídìí tíì àárọ̀.

"Bàbá Bùkúnmi, ẹ máa ń hanrun díẹ̀ o."

"Èmi?" Adéyínká gbé ife tíì sílẹ̀. "Èmi ń hanrun? Nínú ìdílé tiwa, kò sẹ́ni tó ń hanrun."

Ó kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Orí àga ló ń sùn títí ọrùn rẹ̀ fi wọ́, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ wo èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ dé etí Dókítà Ọlábámijí, ẹni tó jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ àdúrà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Braamfontein lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Dókítà gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó mi orí, ó dájọ́.

"Bísọ́lá, obìnrin kì í lé ọkọ lórí ibùsùn. Kúnlẹ̀, bẹ ọkọ rẹ."

Bísọ́lá kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì nítorí pé wọn kò jẹ́ kí òun sùn. Adéyínká kó ìrọ̀rí rẹ̀ padà wá, ó sì hanrun ìhanrun ẹni tó jàre ẹjọ́.

Oorun kì í gba ẹjọ́ àgbà, bó bá fẹ́ mú èèyàn, ibi tó bá bá a náà ni yóò ti mú un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Bísọ́lá ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, rọ́bọ́ọ̀tì dá a dúró. Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe iná ojú pópó lọ́hùn-ún. Iná kúrò ní pupa, ó padà sí pupa, ó tún kúrò níbẹ̀, mọ́tò Bísọ́lá kò mira. Ìyá ti gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó ti sùn fọnfọn. Ọkùnrin onítákísí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó wá ń fi ọwọ́ kan gíláàsì.

"Eish, sisi! Ṣé o ti kú ni?"

"Rárá o," ni Bísọ́lá dáhùn pẹ̀lú ojú oorun, "ọkọ ni mo ní."

Ó dé ọ́fíìsì kí ẹ̀rù tó bà á. Ká ní ó ń lọ lórí eré ni oorun yẹn gbé e ńkọ́? Ká ní Bùkúnmi wà lẹ́yìn ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ fún oúnjẹ ọ̀sán, ó gba ilé ìtajà oògùn tó wà ní kọ̀rọ̀ lọ.

"Mo ń wá ohun téèyàn lè fi dí etí sùn," ló wí fún ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà to oríṣi mẹ́ta síwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìda tí wọ́n ń fi ọwọ́ pò kó tó wọ etí. Bísọ́lá ro ti irun dídì rẹ̀, ó ro ti ìda tó bá yọ́ mọ́ ọn, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkejì jẹ́ rọ́bà olókùn irú èyí tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ń lò. Èyí dára, àmọ́ okùn yóò yọ sóde, a sì mọ ohun tí okùn tó bá yọ sóde máa ń fà. Ìkẹta ni fóòmù kékeré rọ̀bọ̀tọ̀ méjì. Wọ́n á fi ìka lọ́ ọ títí yóò fi tín-ín-rín, wọ́n á kì í bọ etí, yóò wá wú síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Èyí ni kò hàn jù," ni ọmọbìnrin náà wí. "Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé àwọ̀ ara ni."

Bísọ́lá gbé páálí náà sókè wò ó. Nǹkan inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀ kékeré.

"Àwọ̀ ara ta ni?"

Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ti Bísọ́lá, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bísọ́lá rà á. Kò sí àwọ̀ tí kò bò mọ́lẹ̀ lábẹ́ ohun tó ní lọ́kàn láti fi bò ó.

Síkáàfù ni. Láti alẹ́ ìgbéyàwó wọn ni Bísọ́lá ti ń wé síkáàfù sùn kí irun má bàa bàjẹ́. A máa wé e dé ìsàlẹ̀ etí. Kò sí ọkọ Yorùbá kan tó jẹ́ bèèrè ohun tó wà lábẹ́ síkáàfù tí aya rẹ̀ fi ń sùn, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀ pé irun ni.

Àwọn ará ilé mi, Bísọ́lá sùn! Ó sùn bí ọmọ tí wọ́n gbé wá sílé ìyá àgbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń kọrin nídìí ààrò. Adéyínká wò ó títí.

"Ìyá Bùkúnmi, ara rẹ ti jọ̀lọ̀. Ṣé o rí i bí àdúrà ṣe ń ṣiṣẹ́?"

"Mo rí i, Bàbá Bùkúnmi," ni Bísọ́lá wí.

Àdúrà tó dárúkọ yẹn náà ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ní gbogbo ìdájí, Adéyínká a máa fi ọwọ́ kan èjìká ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, Bùkúnmi á sáré wá jókòó sáàárín wọn. Adéyínká á di ọwọ́ Bísọ́lá mú, á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ìdílé rẹ̀ sì pọ̀. Kò ní í fo ẹnì kan. Níbi tó bá yẹ kí wọ́n ṣe àmín, a máa fún ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ṣinṣin.

Níbẹ̀rẹ̀, Bísọ́lá máa ń ṣe bí ẹni ń tún síkáàfù wé, yóò sì yọ fóòmù méjèèjì kó sí abẹ́ ìrọ̀rí. Láàárọ̀ ọjọ́ Monday kan, òjò ń rọ̀, kò tètè yọ ọ́. Adéyínká ti bẹ̀rẹ̀. Bísọ́lá rí i pé ètè ọkọ òun ń lọ sókè sódò, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó gbádùn rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ gbóná, ọmọ rẹ̀ fara tì í, gbogbo ayé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó pa ojú dé. Nígbà tí wọ́n fún un lọ́wọ́, ó ní, "Àmín."

Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òní náà dà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti di àṣà. Ìhanrun ló ra èdídí etí sí, àdúrà ló wá ń fi dí. Ọwọ́ ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọkàn rẹ̀ máa ń sọ fún un nígbà mìíràn pé ohun tó ń ṣe kò dára, àmọ́ ọkàn yẹn náà ti ń sùn dáadáa, kò rójú pariwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Adéyínká fún un lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni fẹ́ fún omi jáde nínú aṣọ. Bísọ́lá ní, "Àmín!" Wọ́n tún fún un. Ó ní, "Àmín o!" Nígbà tó lajú, omi ń dà lójú ọkọ rẹ̀. Adéyínká gbá a mọ́ra, ó ń sọ̀rọ̀ sí èjìká rẹ̀, Bísọ́lá sì ń mi orí, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ẹ̀mí ti bà lé e lónìí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ rẹ̀ ti yí padà. Ó ń bá a fọ mọ́tò. Ó ń gbé tíì wá bá a. Ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun kan, ó ní kí wọ́n gbé e sí yàrá Bùkúnmi.

"Ṣé ẹ̀gbẹ́ wíńdò ni ká kọjú rẹ̀ sí?" ló bi í.

"Bẹ́ẹ̀dì ta ni?" ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu Bísọ́lá. Ó gbé e mì. Adéyínká ti ń sọ ọ́ lọ:

"Bí mo ṣe wí láàárọ̀ yẹn náà ni. Ojú Màmá ti ṣú, wọn ò lè dá nǹkan ṣe mọ́. Èmi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, o ò bínú."

"Mo gbọ́," ni Bísọ́lá wí.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ ó rò ó pọ̀, ó sì yé e: ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó dùn ún díẹ̀ pé wọn kò bi í dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ọ́ sí? Bó bá ní wọn kò bi òun, wọ́n á ní àwọn bi í. Bó bá ní òun kò gbọ́, wọ́n á ní etí rẹ̀ ńkọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yọ fóòmù méjèèjì kí ọkọ rẹ̀ tó jí, ó tẹ́tí dáadáa. Adéyínká kò sọ ju pé, "Olúwa, a dúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí o ti bá wa yanjú, ìwọ lo rọ ọkàn ìyàwó mi." Bó bá ti yanjú, ó ti yanjú nìyẹn. Bísọ́lá dá fóòmù rẹ̀ padà sí etí lọ́jọ́ kejì ẹ̀.

Bùkúnmi nìkan ni kò jẹ́ kó gbádùn.

"Mummy, nígbà wo ni sister mi ń bọ̀?"

"Bi bàbá rẹ," ni Bísọ́lá wí. Ó ṣáà mọ̀ pé kò sí ọmọdé tí kì í tọrọ àbúrò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mọ́mì Ọlábámijí, ìyàwó Dókítà, gbá a mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. "Bísọ́lá, ọkọ rẹ ti sọ fún wa, ọkàn rẹ mọ́. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló lè ṣe ohun tí o ṣe yìí." Àwọn obìnrin mìíràn ń wò ó tìyanutìyanu. Bísọ́lá tẹ orí ba bí ẹni tí kò fẹ́ ìyìn, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn dé ẹ̀yìn. Ó rò ó pé ṣé nítorí ìyá ọkọ lásán ni gbogbo èyí? Ó ní bóyá àwọn ìyàwó tòde òní ni kò gba ìyá ọkọ mọ́. Ìyìn yẹn wọ̀ ọ́ lára débi pé ó lọ ra ṣáàlì olówùú nípọn kan fún ìyá náà, torí pé òtútù ń bọ̀, ó sì ra bàtà tó rọ̀, tí àwọn arúgbó ń wọ̀ nínú ilé.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Bísọ́lá kò tó ogún ọdún, kò tilẹ̀ tó oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Adéyínká bọ́ síwájú láti jẹ́rìí. Ó gba máìkì.

"Ẹ̀yin ará, ohun tí obìnrin mìíràn ì bá fi tú ilé ká, àmín ni ìyàwó tèmi ṣe sí i. Mo ń wí, ó ń ṣe àmín. Bísọ́lá, dìde. Wá bá wa sọ bí Olúwa ṣe bá ọkàn rẹ sọ̀rọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tèmi, ẹni tí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ fún kì í mọ ìgbà tó yẹ kó jókòó. Bísọ́lá rìn lọ síwájú, ó tún gèlè ṣe, ó gba máìkì.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ló bẹ̀rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni tó bá wá sínú ilé wa, tiwa ni. Mo mọ̀ pé kò ní í rọrùn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́."

Àwọn èèyàn wo ara wọn.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń dùn ún. Mo ti ra ṣáàlì fún un, mo ti ra bàtà. Ní ti oúnjẹ, mo ti pinnu pé ohun tó rọ̀ ni mo ó máa sè, ẹ̀kọ gbígbóná àti ọ̀ọ̀lẹ̀, torí pé kò fi bẹ́ẹ̀ ní eyín mọ́."

Mọ́mì Ọlábámijí tó wà níwájú rọra gbé ọwọ́ sókè.

"Bísọ́lá, ọmọ mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni eyín rẹ̀ ti ká?"

"Ọmọ wo, Mọ́mì?"

Bísọ́lá yí padà wo ọkọ rẹ̀. Ẹnu Adéyínká là sílẹ̀, kò lè pa á dé.

"Fúnmi," ló wí. "Fúnmi ọmọ mi, tó wà lọ́dọ̀ Màmá. Èyí tí mo bí kí n tó mọ̀ ọ́. Mo ti sọ fún ẹ."

"Fúnmi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín?"

"Ọmọ mi ni. Mo sọ fún ẹ, Bísọ́lá! Láàárọ̀, nígbà tí mò ń gbàdúrà. Mo ní, Olúwa, ìwọ mọ̀ pé mo purọ́ fún ìyàwó mi, ìwọ mọ̀ pé èmi ni mo bí ọmọ yìí. O ní àmín! Mo ní, fún un ní ọkàn láti gbà á sílé. O ní, àmín o!"

Bùkúnmi dìde lórí àga rẹ̀, ó fi gbogbo ohùn pariwo lédè Gẹ̀ẹ́sì, kó lè yé gbogbo èèyàn pé Daddy sọ ọ́ nínú àdúrà lóòótọ́.

Inú ń bí Bísọ́lá, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú ń pa á, àwọn méjèèjì sì ń du ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin yìí ti jẹ́ kó pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ ẹ̀gbọ́n fún gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó ní ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì tóbi. Ṣùgbọ́n kò lè rò ó láìjẹ́ pé ó sọ ibi tí etí rẹ̀ wà. Bó bá dákẹ́, obìnrin rere ni, ọmọ sì ń bọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ọmọ lè má wá mọ́, àmọ́ yóò di obìnrin tó ń dí etí sí àdúrà.

"Bísọ́lá," ni Dókítà Ọlábámijí wí, "ṣé o gbọ́ ọ, àbí o ò gbọ́ ọ?"

Bísọ́lá ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú páálí kékeré kan jáde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Dókítà. Dókítà ṣí i, ó wo fóòmù méjì tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ náà. Oníṣègùn ni, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí wọ́n là á yé e.

"Kí lo ń fi èyí ṣe?"

"Ọkọ mi ń hanrun, sà. Mo wí i níwájú yín. Ẹ ní kí n kúnlẹ̀."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Bísọ́lá!"

"Ṣé ìkúnlẹ̀ wá ni oògùn ìhanrun, sà?"

Dókítà dá páálí náà padà fún un, ó ní kí wọ́n kọrin. Bí wọ́n ṣe ń kọrin lọ́wọ́ ni Mọ́mì Ọlábámijí sún mọ́ Bísọ́lá, tó fi ẹnu kàn án létí.

"Níbo ni wọ́n ti ń tà á?"

Wọ́n wa mọ́tò dé Bruma. Nínú pálọ̀, Bísọ́lá kò jókòó.

"Ẹnu yín ńkọ́, Bàbá Bùkúnmi? Ẹnu tí ẹ fi ń bèèrè ata sí ọbẹ̀. Ṣé kò lè sọ fún mi pé ẹ ti bímọ tẹ́lẹ̀?"

Adéyínká gbé ojú sílẹ̀. "Ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Bí mo bá sọ ọ́ lórí oúnjẹ, wàá dìde. Bí mo bá sọ ọ́ nínú mọ́tò, wàá pariwo. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dá àdúrà dúró. Mo mọ̀ pé bí mo bá ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, wàá jẹ́ kí n parí rẹ̀."

"Ó mà ṣe o. Ẹ̀yin náà ń fi Ọlọ́run dí mi létí."

"Ìwọ ló fi fóòmù dí i!"

Wọ́n wo ara wọn. Ká sòótọ́, ọ̀kan kò lẹ́nu, èkejì kò létí, àwọn méjèèjì sì ti ń pe àṣejù yìí ní ìgbàgbọ́.

"Bí mo bá ní kó má wá ńkọ́?" ni Bísọ́lá bèèrè.

Adéyínká ṣe àlàyé fún un. Ìyá Fúnmi ti kú láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Màmá kò ríran mọ́, wọ́n ń mú òun náà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Adéyínká, ìyàwó ẹ̀gbọ́n sì ti ní òun kò lè gba èèyàn méjì. "Kò ní ibi tó máa lọ," ló wí. "Mo sì ti sọ fún un pé o gbà. Inú rẹ̀ dùn, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò."

Bísọ́lá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún. Ó dùn ún gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín tí a ti ń rín yìí tàn yín. Wọ́n purọ́ fún un nínú ilé ara rẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì wá sòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, kò ní kí ọmọ náà má wá.

Láàárọ̀ tí Fúnmi dé, òtútù oṣù June mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú Jan Smuts. Bísọ́lá ti múra ojú. Ó ti pinnu pé òun yóò kí i, òun kò ní í rẹ́rìn-ín, kí bàbá rẹ̀ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ọmọ náà jáde pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹbí tó mú un rìnrìn-àjò. Ó gùn, ó tín-ín-rín, aṣọ àǹkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀, eyín rẹ̀ pé. Bó ṣe rí wọn báyìí, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán yẹn níwájú Bísọ́lá.

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Ìyá àgbà ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ ṣe àmín."

Ojú tí Bísọ́lá múra wá kò dúró. Ó rántí ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Dókítà, tó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

"Dìde," ló wí. "Ilẹ̀ tutù."

Ṣáàlì tó rà fún ìyá arúgbó ṣì wà lẹ́yìn mọ́tò. Ó fi bo ọmọ náà láti èjìká, ó bò ó dé orúnkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fúnmi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun. Kò pẹ́ tí Bùkúnmi fi jáde wá sí pálọ̀, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ dání, ó fajú ro.

"Mummy, ó ń ṣe bíi Daddy."

Bísọ́lá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó gbọ́ bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ bó ṣe ń gòkè, ó gbọ́ ìdákẹ́. Ó pe ọkọ rẹ̀.

"Ẹ wá gbọ́ ọ, Bàbá Bùkúnmi. Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń hanrun nínú ìdílé yín."

Adéyínká dúró, ó tẹ́tí. Nígbà tí ìhanrun tú jáde, ó fò sẹ́yìn.

"Ṣé báyìí ni mo ṣe máa ń ṣe?"

"Ìdajì tiyín nìyẹn."

Ọkùnrin náà kò lè wò ó lójú. Ó rọra ní, "Má bínú," ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní gbọ̀ngàn. Bísọ́lá ní òun ṣì ń bínú, àmọ́ òun ti gbọ́.

Lónìí, ó ṣì ń fi èdídí etí sùn, ojú ọkọ rẹ̀ ló sì ti ń kì í bọ etí. Ohun kan ló ti yí padà. Kí ọwọ́ Adéyínká tó kan èjìká rẹ̀ ní ìdájí, fóòmù méjèèjì ti wà nínú páálí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi dí etí sí ìhanrun ọkọ yín. Àmín ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Fúnmi dé, gbogbo ilé péjọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Fúnmi dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tí òun lè jókòó sí. Bísọ́lá sún, ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà wá jókòó. Adéyínká di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó pa ojú dé.

"Olúwa, ìwọ tí o mọ ohun gbogbo, ìwọ mọ̀ pé..."

Bísọ́lá la ojú.

"Ẹ dúró ná, Bàbá Bùkúnmi. Kí ni Ó mọ̀?"

Kò sẹ́ni tó tíì dá àdúrà dúró nínú ilé yẹn rí. Adéyínká la ojú kan.

"Wọ́n ń kó ọ́fíìsì wa lọ sí Roodepoort," ló wí. "Ó ṣeé ṣe ká kó kúrò níbí."

"Ìgbà wo?"

"Tí ọdún bá parí."

"Ó dáa. Ṣé ohun mìíràn wà tí Ó mọ̀?"

Adéyínká ronú dáadáa. "Kò sí mọ́."

"Ẹ ṣé. Ẹ máa bá a lọ."

Ó bá a lọ. Ó gbàdúrà fún Màmá, fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fún ọmọ méjèèjì tó wà níbẹ̀. Nígbà tó fún Bísọ́lá lọ́wọ́, obìnrin náà kò kánjú. Ó dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó ní, "Àmín."